Kọ́bọ̀ Kan Lóṣù: Daniel O'Connell àti Àwọn Tálákà Áyálándì

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Dublin)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sílùú yìí, mo kí gbogbo yín. Alága ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú òtútù o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tẹ́ ẹ ò tíì fojú kan oorun, mo rí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ wá. Mi ò ní pẹ́ jù. Bí mo bá fẹ́ pẹ́ jù, kí alága gbá tábìlì.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi ṣíde. Nínú wa níbí, ta ni kò tíì gba O'Connell Street kọjá rí? Kò sí. Ibẹ̀ la ti ń wọ bọ́ọ̀sì, ibẹ̀ la ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin Luas, ibẹ̀ la ti ń dúró de ara wa. Ó dáa. Ère gàgàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá níbẹ̀, tí àwọn ẹyẹ òkun máa ń bà lé lórí, ta ni? Ọdún 1882 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Àwọn obìnrin abìyẹ́ tó jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ihò ọta ìbọn ìjà òmìnira Áyálándì ti 1916 ṣì wà lára wọn. Ẹ yà wò ó bí ẹ bá ń lọlé.

Daniel O'Connell ni. Olùdáǹdè ni àwọn ará Áyálándì ń pè é. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n sí ẹlẹ́nu mímú, olóhùn arò, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tí èrò á dákẹ́ rọ́rọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé kì í ṣe ẹnu ló ṣe iṣẹ́ náà. Kọ́bọ̀ ló ṣe é. Kọ́bọ̀ àwọn tálákà.

Ibi tó ti wá

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, ọdún 1775, nítòsí Cahersiveen ní Kerry, etí òkun pátápátá. Àgùdà ni ìdílé rẹ̀. Láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ni òfin ti de Àgùdà lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ ní Áyálándì. Ìjọ Áńgílíkà ni ìjọ ọba. Àgùdà kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ ní ẹṣin tí owó rẹ̀ ju pọ́n-ùn márùn-ún lọ. Kò gbọdọ̀ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn Àgùdà ló pọ̀ jù nílùú! Ilẹ̀ baba ẹni, kí wọ́n wá sọ ẹni di àlejò lórí rẹ̀.

Báwo wá ni ìdílé O'Connell ṣe rí owó mú? Fàyàwọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Maurice, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ń kó ọjà láti Faransé gba etí òkun Derrynane wọlé lóru. Hunting Cap ni ìnagijẹ rẹ̀, nítorí fìlà ọdẹ ló máa ń dé. Wọ́n ní ó kọ̀ jálẹ̀ láti dé irú fìlà tí ìjọba gba owó orí lé. Bàbá yìí kò bímọ, ó sì gba Daniel tọ́ bí àrólé. Owó fàyàwọ́ yìí ló fi rán an lọ sí iléèwé ní Faransé, ní Saint-Omer àti Douai.

Ibẹ̀ ni ọmọdékùnrin náà wà tí ìjọba Faransé fi dojú dé, tí wọ́n bẹ́ ọba wọn lórí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1793. Òun àti àbúrò rẹ̀ sá wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọkàn rẹ̀ kò kúrò lórí ẹ̀jẹ̀ yẹn títí tó fi kú. Ó kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní London, wọ́n sì gbà á wọlé ẹjọ́ ní Dublin lọ́dún 1798. Ọdún 1792 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí Àgùdà ṣe lọ́yà rárá. Ó lè ṣe lọ́yà, kò lè di adájọ́. Ọdún tó di lọ́yà yẹn gan-an ni ọ̀tẹ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Áyálándì, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú, tí ilẹ̀ sì tún padà sí bó ṣe wà. Nígbà tó di 1801, London gbé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Dublin mì pátápátá. Ìjókòó O'Connell kò wà nínú ti àtijọ́, kò sì ní wà nínú tuntun.

Ẹnu rẹ̀

Mo ní kì í ṣe ẹnu ló ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n mi ò lè kọjá láìsọ̀rọ̀ ẹnu yẹn. Ẹ gbọ́ ìtàn kan.

Lọ́dún 1829, wọ́n kó àwọn àgbẹ̀ kan ní Doneraile, lágbègbè Cork, pé wọ́n gbìmọ̀ láti pa àwọn onílẹ̀. Júrì dá mẹ́rin àkọ́kọ́ lẹ́bi kíákíá, adájọ́ sì ní kí wọ́n lọ yẹgi fún wọn. Àwọn tó kù ń dúró de tiwọn. Kí ni ará wọn kan ṣe? Ó gun ẹṣin, ó fi òru sáré láti Cork dé Derrynane, nǹkan bí àádọ́rùn-ún máìlì, níbi tí O'Connell ti ń sinmi. O'Connell kò jiyàn. Ó so ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́, ó gbọ̀nà. Nígbà tó dé kóòtù, ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ebi sì ń pa á. Ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ adájọ́ kí òun jẹun síbẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ mílíìkì àti búrẹ́dì fún un. Lọ́yà ìjọba ń ka òfin lọ geere, O'Connell ń jẹun. Àfi bó ṣe kígbe, tòun ti búrẹ́dì lẹ́nu: "Ìyẹn kì í ṣe òfin!" Adájọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òótọ́ ni. Ó tún jẹun díẹ̀, ó tún kígbe. Lọ́yà ìjọba ń làágùn. Nígbà tí ẹjọ́ náà máa fi tán, wọn kò yẹgi fún ẹnì kankan. Wọ́n kó àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ sí Ọsirélíà, ẹ̀mí wọn kò bọ́.

Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Lọ́dún 1815, O'Connell bú ìgbìmọ̀ ìlú Dublin pé alágbe ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, John D'Esterre, gbé pàṣán kiri ìgboro ó ń wá a. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì pàdé tìbọntìbọn ní Bishopscourt, ní Kildare. D'Esterre yìn tiẹ̀, kò bà á. O'Connell yìn tiẹ̀, ó bà á nítòsí ìbàdí. Láàárín ọjọ́ méjì, ọkùnrin náà kú, ó fi aya àti ọmọ sílẹ̀. O'Connell ní kí opó náà jẹ́ kí òun máa pín owó tó ń wọlé fún òun pẹ̀lú rẹ̀. Obìnrin náà kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbà kí ó máa san owó fún ọmọbìnrin wọn, O'Connell sì ń san án títí ayé rẹ̀. Wọ́n ní bó bá ń lọ gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń wọ ìbọ̀wọ́ dúdú sí ọwọ́ ọ̀tún tó fi yìnbọn. Nígbà tí wọ́n tún pè é sí irú ìjà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kò lọ mọ́.

Kọ́bọ̀

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an la dé yìí. Lọ́dún 1823, O'Connell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgùdà sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ á san gínì kan lọ́dún, ìyẹn pọ́n-ùn kan lé ṣílè kan. Ta ló lè san án? Àwọn lọ́yà, àwọn oníṣòwò, àwọn olówó. Ìgbà mìíràn wà tí wọn kì í pé mẹ́wàá, tí ìpàdé kò ní lè bẹ̀rẹ̀, tí O'Connell á jáde lọ fa àwọn fáda wọlé láti ilé ìtàwé ìsàlẹ̀ kí iye lè pé.

Ní 1824, ó gbé ìmọ̀ràn kan kalẹ̀: kí ẹni tí kò lówó máa san kọ́bọ̀ kan lóṣù. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ owó àtijọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ fún wa. Kọ́bọ̀ méjìlá, ṣílè kan. Ṣílè kan lọ́dún, èèyàn ti di ọmọ ẹgbẹ́! Iwájú ilé ìjọsìn ni wọ́n ti ń gbà á lọ́jọ́ ìsinmi, fáda á kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ, àwọn agbowó á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan rẹ́rìn-ín sí i. Kí la fẹ́ fi kọ́bọ̀ ṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá èésú níbí mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá ti dá owó sí nǹkan, kì í ṣe òǹwòran mọ́. Á fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe. Á wá sí ìpàdé. Bí ìwé ìròyìn bá dé abúlé, á jókòó ti ẹni tó mọ̀wé kà kó ka ohun tí ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ló wọlé, wọ́n sì ń fi gba lọ́yà fún tálákà tí onílẹ̀ bá yàn jẹ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lówe. O'Connell ló ṣètò rẹ̀, tó fi ìwé àkọsílẹ̀ sí i, tó fi agbowó sí ìjọ kọ̀ọ̀kan. Èmi kò mọ olóṣèlú tó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ níbikíbi ní Yúróòpù.

Ìjọba fi òfin tú ẹgbẹ́ náà ká ní 1825. O'Connell yí orúkọ rẹ̀ padà díẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó máa ń fọ́nnu pé kò sí òfin tí òun kò lè wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́fà gba àárín rẹ̀ kọjá.

Clare, 1828

Àwọn Àgùdà tó ń dá ilẹ̀ tó níye lórí tó ogójì ṣílè lọ́dún lè dìbò. Wọ́n lè dìbò, wọn ò lè wọlé. Ìdìbò ìgbà yẹn kì í ṣe èyí tí à ń ju bébà sínú àpótí. Gbangba ni. Wàá dúró síwájú gbogbo èrò, wàá fi ẹnu ara rẹ pe orúkọ ẹni tó o fẹ́, aṣojú onílẹ̀ rẹ á máa wò ọ́ lójú kòrókòró. Ilẹ̀ tó ò ń dá, òun lo ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún. Bó o bá pe orúkọ tí kò fẹ́, o lè délé kí o bá ẹrù rẹ lójú títì.

Àyè aṣòfin kan ṣí sílẹ̀ ní agbègbè Clare. William Vesey Fitzgerald, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe mínísítà, gbọ́dọ̀ padà wá gba ìbò. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Òun fúnra rẹ̀ ń ti ẹ̀tọ́ àwọn Àgùdà lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ wá ẹni tó máa bá a du ipò, wọn ò rí. Ni O'Connell bá ní òun fúnra òun á lọ. Àgùdà! Òfin kò sọ pé Àgùdà kò gbọdọ̀ díje. Ohun tí òfin sọ ni pé kí ó tó jókòó, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìbúra kan tó tako ìgbàgbọ́ Àgùdà, tí Àgùdà kan kò lè ṣe.

Ìlú Ennis ní Clare kún fọ́fọ́. Àwọn fáda ló ṣáájú àwọn àgbẹ̀ wọlé, abúlé sí abúlé. Wọ́n ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé àwọn kò ní fẹnu kan ọtí títí ìdìbò á fi parí, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ìjà kan bá bẹ́ sílẹ̀, ìjọba ti rí àwáwí. Ẹ rò ó wò: ìdìbò, ní Áyálándì, láìsí ọtí! Wọ́n ń tò lọ níwájú aṣojú onílẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ: O'Connell. O'Connell. O'Connell. Nígbà tí wọ́n kà á tán, 2,057 fún O'Connell, 982 fún Fitzgerald.

London ò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Wellington, tó ṣẹ́gun Napoleon, ni olórí ìjọba; Dublin ni wọ́n bí òun náà sí. Ó rí i pé bí ìjọba bá kọ̀, ogun abẹ́lé ló kù. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, ọdún 1829, Ọba George Kẹrin fi tìkanratìkanra fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí Àgùdà lè wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ẹ wá wo ìwà ẹ̀mí kúkúrú. Wọ́n ní òfin tuntun náà kò kan O'Connell, torí wọ́n ti dìbò fún un kí òfin tó jáde. Ó dé iwájú tábìlì, wọ́n nawọ́ ìbúra àtijọ́ sí i. Ó kà á. Ó ní apá kan wà nínú rẹ̀ tí òun mọ̀ pé irọ́ ni, apá kan sì wà tí òun kò gbà pé òótọ́ ni. Ó dá a padà, ó jáde. Clare tún dìbò yàn án, kò sì sí ẹni tó jáde bá a du ú lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n fún àwọn Àgùdà ní òfin yẹn, wọ́n gba ìbò lọ́wọ́ àwọn ológójì ṣílè. Ó di ẹni tó ní ti pọ́n-ùn mẹ́wàá kó tó lè dìbò. Àwọn olùdìbò tó lé ní 200,000 wá di ohun tí kò tó 40,000. Àwọn tó fi ìṣákọ́lẹ̀ wọn wewu, tó pe orúkọ O'Connell lójú onílẹ̀, àwọn gan-an ni wọ́n já sílẹ̀. O'Connell ráhùn, ṣùgbọ́n kò gbé e dójú ìjà. Àwọn lọ́yà àti olówó wọlé sí London. Àgbẹ̀ padà sóko. Ẹni tó bá ní kí n yin O'Connell láìfi èyí kún un, mi ò ní lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ẹrú

Èyí kàn wá. Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí gan-an ni Ọ̀yọ́ Ilé ń tú ká, tí ogun ń kó àwọn èèyàn wa, tí wọ́n ń tà wọ́n sí Bahia àti sí Kúbà. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther ní Òṣogùn. Lásìkò yẹn, O'Connell wà lára àwọn tí ohùn wọn ròkè jù lòdì sí oko ẹrú, nílé ìgbìmọ̀ àti lóde ìgbìmọ̀. Kò jẹ́ bọ ẹni tó ní ẹrú lọ́wọ́.

Ó rọrùn láti sọ ọ́ bí kò bá ná èèyàn ní nǹkan. Ó ná O'Connell. Àwọn ọmọ Áyálándì tó ti lọ sí Amẹ́ríkà ń dá owó ránṣẹ́ fún ìjà rẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì wà ní gúúsù, níbi tí oko ẹrú ti ń mówó wọlé. Wọ́n ní kó fi ọ̀rọ̀ ẹrú sílẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé owó tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ tú ká nítorí èyí, orísun owó sì gbẹ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1845, Frederick Douglass, tó sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà, dúró láàárín èrò ní Conciliation Hall ní Dublin, létí odò Liffey, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ O'Connell. Wọ́n pe òun náà sórí pèpéle, O'Connell sì pè é ní O'Connell dúdú ti Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un: nígbà tí O'Connell di méyọ̀ Dublin ní 1841, Àgùdà kankan kò jẹ ẹ́ láti nǹkan bí àádọ́jọ ọdún. Ẹ̀yin tó wà níbí lọ́dún 2007, tí Rótìmí Adébárí di méyọ̀ Portlaoise, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ ní Áyálándì, ẹ mọ ariwo tó sọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi iyẹn wo tiwọn.

Clontarf

Ohun tó kù lọ́kàn rẹ̀ ni kí Áyálándì gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin rẹ̀ padà. Ní 1843, ó ń pe ìpàdé gbangba kiri. Èrò tó dé òkè Tara, ibùjókòó àwọn ọba Áyálándì àtijọ́, ní ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, pọ̀ débi pé àwọn kan pè é ní mílíọ̀nù kan. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà náà o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n kàn wá kí wọ́n lè sọ pé àwọn wà níbẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Èdè Áyálándì ni wọ́n fi tọ́ ọ ní kékeré, ó gbọ́ ọ yékéyéké. Síbẹ̀ ó ní òun kò ní sunkún bí èdè náà bá ń lọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ló wúlò jù. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn nílé, mi ò tíì sọ nǹkan kan. Mo kàn ní ọkùnrin náà ṣe àṣìṣe ńlá níbẹ̀ ni.

Ìpàdé tó kẹ́yìn yẹ kó wáyé ní Clontarf, létí òkun Dublin, lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá. Ọ̀sán Sátidé ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ògiri pé àwọn ti fòfin dè é. Ṣọ́jà ti dúró, ọkọ̀ ogun ti wọ etí òkun. Àwọn èèyàn ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà, àní láti Liverpool. O'Connell ní láti yàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó rán àwọn ẹlẹ́ṣin jáde sí gbogbo ojú ọ̀nà: ẹ padà sílé. Wọ́n padà. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kan tó kán sílẹ̀.

Akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dárí jì í. Wọ́n ní London ti rí i pé ẹnu lásán ni. Ìjọba sì tún mú un, wọ́n fi júrì tí kò sí Àgùdà kan ṣoṣo nínú wọn gbẹ́jọ́ rẹ̀, wọ́n tì í mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Richmond Bridewell ní 1844. Ilé ọ̀gá wọ́dà ló gbé, àlejò ń wọlé, oúnjẹ ń wọlé. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá ní London ní ẹjọ́ náà kò tọ́. Nígbà tó di 1846, òun àti àwọn ọ̀dọ́ náà pínyà pátápátá. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún.

Lásìkò yẹn, ìyàn ti dé. Àrùn ti bo ọ̀dùnkún òyìnbó mọ́lẹ̀ láti 1845, òun sì ni oúnjẹ tálákà. Ní oṣù kejì 1847, O'Connell dìde nílé ìgbìmọ̀ ní London, ohùn rẹ̀ ti lọ, àwọn tó sún mọ́ ọn nìkan ló gbọ́ ọ. Ó ní bí wọn kò bá ran Áyálándì lọ́wọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn èèyàn rẹ̀ á ṣègbé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan kú, ó lé ní mílíọ̀nù kan tó sá lọ. Òun náà ń rìnrìn àjò lọ sí Róòmù nígbà tó kú ní Genoa, ní ọjọ́ 15, oṣù karùn-ún, ọdún yẹn. Itẹ́ òkú Glasnevin níbí ni wọ́n sin ín sí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Clontarf yẹn á dá awuyewuye sílẹ̀, torí mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń mi orí lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Èmi rò pé ó ṣe dáadáa. Ohun tí mo bá a jà sí ni ti àwọn ológójì ṣílè. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó dìde kó sọ ọ́. Alága, ẹ gba ìbéèrè wọlé. Ẹ ṣeun o.